Èbúté Tí Fàlílù Ń Ròyìn Fún Wa

Kò sí èbúté tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí, àmọ́ Fàlílù ló kọ́kọ́ gbé èbúté wá bá mi ní Sango. Ọmọ Àgbádárìgì ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke la jọ wà, a sì jọ ń gbé ilé kan ní ọ̀nà Ìjù. Bí a bá ti jókòó jẹun ọ̀sán, ó di kó bẹ̀rẹ̀: ọ̀sà tó tẹ́jú bí ẹní, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá sí etí òkun, igi àgbọn tí orí wọn ń kan sánmà, ẹja yíyan tó pupa bí epo. Àwa tí eruku ti dí nímú á máa gbọ́ òórùn iyọ̀.

Ràfátù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, kò rí òkun rí. Ọdọọdún ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n lọ, ọdọọdún ni Fàlílù ń ní ó di Iléyá tó ń bọ̀. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tó kúrò nílé, ó búra lójú bàbá rẹ̀ pé òun kò ní padà wọ̀lú àfi nínú mọ́tò ti ara òun. Ó kù díẹ̀ kó rà á ni ìjọba gbé Sáàpù dé, gbogbo ọjà sì gbówó lórí. Owó mọ́tò di owó táyà, owó táyà di owó gàárì. Bàbá náà kú, wọ́n sin ín, Fàlílù kò lọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ní kí ìdajì wa máa lọ sílé, ó wà lára wọn. Ràfátù ní, "Bàbá Mùbárákà, mọ́tò yín ò dé. Ẹ jẹ́ ká wọ tẹlòmíràn."

Mo bá wọn lọ. Ta ni ì bá tún mọ̀nà bí kò ṣe èmi? Atukọ̀ kan, ọmọdékùnrin lójú tèmi, ló gbé wa sọdá. Yorùbá ló fi kí wa bí àlejò, kò sọ Ègùn, èdè ìlú wọn. Ló bá ń nàka: ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà nìyí. Ràfátù ti mọ gbogbo rẹ̀ kí atukọ̀ tó nàka. Ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Fàlílù di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó kọjú sí omi.

Ìgbì òkun dìde tó òkè Olúmọ; nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ràfátù ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Atukọ̀ bi Fàlílù pé, "Alàgbà, ṣé ìlú wa dùn mọ́ yín? Ará ibo ni yín?"

Mo rò pé yóò dárúkọ bàbá rẹ̀.

"Ọ̀tà," ló wí.

A kò yà ní agbo ilé bàbá Fàlílù. Láti ọjọ́ náà, Ràfátù ló ń ròyìn Àgbádárìgì fún wa. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Fàlílù á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ní òun ń lọ pọnmi.