Bí mo ṣe wo Bọ̀dá Délé níran pẹ̀lú ayùn ẹ̀

Mo mọ̀ pé ayùn máa gé Bọ̀dá Délé lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, mo sì dákẹ́.

Aládùúgbò mi ni, ó fẹ́ fi ayùn oníbátìrì gé ẹ̀ka máńgòrò ilé wọn ní Festac. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì rọ ọ́ìlì sí ṣéènì ẹ̀."

"Ìwọ tọ́kọ lé jáde ló fẹ́ kọ́ mi?"

Gbogbo àwọn aládùúgbò tó dúró ń wò wá rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, ṣéènì gbóná, ó há. Bọ̀dá fẹ́ fọwọ́ fà á láìyọ bátìrì, ìka ọwọ́ ẹ̀ kejì ṣì wà lórí bọ́tìnì. Mo mọ̀ pé tí ṣéènì yẹn bá tú, ó máa yí mọ́ ọn lọ́wọ́, mo kàn ń wò ó. Ó tú lóòótọ́, ìka ẹ̀ méjì ló gé dànù.

Èmi náà ni mo gbé e lọ ọsibítù. Ìyàwó ẹ̀ dì mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ láàánú gan-an."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ̀ bá kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì?