Ààfin Tí Kò Ní Kòbì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo mú ìyá ọkọ mi lọ wo ààfin Ọba Èkó. Ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀yọ́ ni Màmá ti wá kí wa ní Mushin. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ: kí àwọn fojú kan ààfin náà kí àwọn tó padà sílé, nítorí wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé àwọn á ròyìn rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sì máa wọkọ̀ ní Jíbówú.

Ọkọ mi ń lọ síbi iṣẹ́, ló bá ní kí n mú wọn lọ. Èmi tí ojú máa ń tì láti béèrè ọ̀nà! Màmá gan-an ti bi ọmọ wọn léèrè pé ìyàwó tó fẹ́ yìí, ṣé ó tiẹ̀ lẹ́nu?

A sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, a fẹsẹ̀ rìn. Mo rọra béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń bó ọsàn. Ó fi ọ̀bẹ júwe ilé kan, ó ní Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba, nìyẹn níwájú wa.

Màmá wò ó sókè, wọ́n wò ó sílẹ̀.

"Èwo? Ilé onísìmẹ́ǹtì yìí? Kòbì rẹ̀ dà?"

Ní Ọ̀yọ́, kòbì ni wọ́n fi ń mọ ààfin, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọ síta, tí òpó gbé ró. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní òun náà ni o." Wọ́n ní ṣé èmi tí wọ́n bí sí Mushin ló fẹ́ fi ààfin han ọmọ Ọ̀yọ́? Mo bá tẹ̀ lé wọn, a ń wá ilé tó ní kòbì.

Bí a ṣe ń rìn kiri nìyẹn. Oòrùn mú, bàtà bó mi lẹ́sẹ̀. A dé iwájú ilé ńlá kan tó lópòó, Màmá ti ń kúnlẹ̀, ni ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ bá ní, "Ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì nìyí o. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ padà wá."

Màmá jókòó sórí òkúta, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Wọ́n ní, "Àwọn ẹgbẹ́ mi á ní lásán ni mo dé Èkó."

Àánú wọn ṣe mí. Mo di ọwọ́ wọn mú. "Màmá, ẹ dìde. Ibi tá a ti kúrò la ń padà sí." Ohùn mi le débi pé ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

Nígbà tá a débẹ̀, àwọn ìjòyè onífìlà funfun ń jáde bọ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà níta dọ̀bálẹ̀. Obìnrin ọlọ́sàn yẹn náà kúnlẹ̀. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n ní:

"Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀."

Láàárọ̀ òní ní Jíbówú, kí ọkọ̀ tó gbéra, Màmá ti ń ròyìn fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ló mú àwọn dé ààfin, àti pé kòbì tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà.

Mo ti fẹ́ dákẹ́. Mo sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀. "Màmá, kò ní kòbì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi wo ìyàwó mi. Ó mà lẹ́nu!"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ààfin ìlú kan kì í jọ ti ìlú mìíràn, àwọn tó ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bí ẹ bá sì mọ̀nà, tí àgbà ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ rọra sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹsẹ̀ yín lè sinmi. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti mú jáde rí tójú yín rí tó báyìí? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo jókòó, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.