Ohùn Tó Pè Mí Nídìí Ìgò

Òórùn méjì ló wà nínú yàrá páànù tó wà lẹ́yìn ilé ìyá ọkọ mi ní Soweto: òórùn kíkan ọtí ọkà bàbà tó ti wọ inú ike lọ, àti òórùn aṣáà tí ìyá náà máa ń fà símú. Ìyá náà ti kú láti bí ọdún kan, wọn ò sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọ̀hún látìgbà náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí i lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, aṣáà náà ló kọ́kọ́ jáde wá pàdé mi, tó ń ta sánsán bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Mo sín. Ìwọ náà mọ̀ mí, èmi kì í ṣe ojo. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ni mo ti ń jẹun. Ohun tí mi ò bá rí lábẹ́ awò, mi kì í kà á sí. Síbẹ̀ ara mi bù máṣọ, nínú oòrùn.

Nínú ìdílé ọkọ mi, bí ọdún bá yípo lórí òkú àgbà, wọ́n á pọntí láti fi mú un padà wọlé, kó lè máa ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ilé ló sì gbọ́dọ̀ fọ gbogbo ohun èlò ọtí náà mọ́. Èmi nìyàwó ilé ọ̀hún, ó kéré tán lórí ìwé. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ aya ọmọ rẹ̀, ìyá yìí ò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ mi sétí mi rí. Kò tilẹ̀ pè mí ní mákòtì, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó ilé níbẹ̀. Mo lè jókòó níwájú rẹ̀ gan-an báyìí, ọmọ rẹ̀ ló máa yíjú sí: “Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó máa mu tíì.” Mo máa kúnlẹ̀ kí i, á máa wo òkè orí mi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí mo bá délé wa ní Bertrams, màá fi ìbínú gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀, ọkọ mi á ní, “Eish, bó ṣe rí nìyẹn.” Nígbà tí ìyá wá kú, mo sunkún bí ọmọ ilé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé àlejò ni mo ṣì jẹ́, òkú ò sì ṣeé bẹ̀ pé kó yí ọkàn padà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá náà obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ó ní, “Bí ọtí yìí bá bàjẹ́, gbogbo ilé á mọ̀ pé àbúrò mi kọ ọwọ́ tó fọ ìkòkò rẹ̀.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò halẹ̀ mọ́ mi. Lẹ́yìn náà òun àti àbúrò ọkọ mi obìnrin wọ takisí lọ sáàárín ìlú láti lọ ra ọkà, ọkọ mi gbé ọmọ wa dání lọ wá ewúrẹ́, wọ́n fi èmi àti ajá ìyá náà sílẹ̀.

Mo kó gbogbo ẹrù náà jáde sí àgbàlá: àwọn ike ńlá, orógùn gígùn, asẹ́ tí wọ́n fi koríko hun, àwọn ìgò tí wọ́n máa rọ ọtí atalẹ̀ sí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í mu líle, àti ìkòkò amọ̀ dúdú tí ìyá fi ń gbé ọtí fún àwọn àgbà. Ìyá ìyá mi ní Iléṣà pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdọ̀tí inú ìgò ló ń pa ọtí, àjẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Torí náà mo ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa fi dá òun lẹ́jọ́. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tí kò lóòórùn ṣan àwọn ike. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́rùn gígùn bọ ìgò kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sókè sí oòrùn, ibi tí mo bá ti rí òrùka funfun nísàlẹ̀, mo tún un fọ̀. Mo rì wọ́n sínú omi tí mo po díẹ̀ nínú jíìkì apakòkòrò mọ́, mo fi omi tí mo ti sè tẹ́lẹ̀ ṣàn wọ́n títí òórùn jíìkì fi lọ. Mi ò fi aṣọ nù wọ́n, torí aṣọ náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Mo da ojú gbogbo wọn bolẹ̀ nínú àpótí wọn kí omi inú wọn ro dànù. Ìkòkò amọ̀ nìkan ni kò gbọdọ̀ rí ọṣẹ. Amọ̀ ń mu ọṣẹ, á sì tún un pọ̀ sínú ọtí. Eérú àti iyanrìn ni mo fi ń ha inú rẹ̀ nígbà tí ọ̀sán pọ́n.

Ìwọ ọmọ Yorùbá, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀sán gangan. Ní àdúgbò yẹn, kò sígbà tí rédíò kan ò ní máa ké, tàbí kí ọmọdé máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ géètì onígéètì. Lójijì mi ò gbọ́ ìkankan mọ́. Ajá ìyá náà dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá páànù. Ó ti darúgbó, àtìgbà tí olówó rẹ̀ sì ti kú, kò ju ìrù sí ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Ó dìde. Ó gbójú sókè sínú yàrá náà, ibi tí ojú èèyàn máa wà bó bá dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ó kọ́kọ́ rọra ń jù ú, nígbà tó yá gbogbo ìdí rẹ̀ ló ń mì. Èmi náà wo inú ibẹ̀. Páànù ni mo rí, àti ilẹ̀ tí mo ti kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Aṣáà náà tún dé, ó le ju ti àárọ̀ lọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ orúkọ mi. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni o, odindi, kì í ṣe gígé tí gbogbo wọn máa ń gé e. Ohùn obìnrin àgbà ni. Ó ń rọra gbé e bí ẹni tó ru omi kíkún, tí kò fẹ́ kó dànù sọ́nà. “Mà” ti dé orí ahọ́n mi. Ìkìlọ̀ ìyá ìyá mi ló dá a padà: “Ìpè tí o ò bá rí ẹni tó pè é, má jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti bá a lọ nìyẹn.” Mo gé ètè mi jẹ. Mo ń ha ìkòkò lọ. Ó tún pè mí, ó dúró bí ẹni tó ń retí èsì. Mo tún bu iyanrìn sínú ìkòkò. Nígbà tó pè kẹ́yìn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó pe ìdajì, ó sì dákẹ́. Ajá náà tún dùbúlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ rẹ̀. Rédíò aládùúgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Bí Màmá Àgbà ṣe dé, mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ti kọ́kọ́ padà wá. Ó ní rárá. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó lórí àpótí kan tó ṣófo, kò tilẹ̀ sọ àpò ọkà kalẹ̀.

“Kí lo dá a lóhùn?”

“Mi ò dáhùn, mà. Nílé tiwa, a kì í jẹ́ ìpè tí a ò rí ẹni tó pè é. Ikú ni.”

Ó sọ àpò ọkà náà kalẹ̀. Ó ní, “Ní ọsibítù, àbúrò mi ní kí n lọ gba orúkọ rẹ lẹ́nu ọmọ òun wá fún òun. Orí ibùsùn ló ti ń kọ́ ọ. Bí nọ́ọ̀sì bá wọlé, á dákẹ́.”

“Kí ló dé tí kò fi pè mí nígbà tó wà láyé?”

“Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì í pè, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ kọ́kọ́ mú ọ wá. Ilé ìdáná lo wà. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì bá a rẹ́rìn-ín. Kò dán an wò níwájú ẹnikẹ́ni mọ́.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìgò, mo sì sun irú ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ọtí náà dára. Ó hó dáadáa, ó kan bó ṣe yẹ kó kan, àwọn àgbà mu ún, wọ́n ní ìyá ti gba ìyàwó rẹ̀, gbogbo wọn sì ń pè mí ní mákòtì láti ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tí omi gbígbóná àti jíìkì ṣe nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì bá wọn jiyàn. Màmá Àgbà gbé ìkòkò dúdú sí ìdí ògiri, níbi tí wọ́n ti ń bá òkú wọn sọ̀rọ̀, ó ní kí èmi náà sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Mo ní, “Mà. Ẹ pè mí, mà. Èmi nìyí.” Mo dúró títí eékún fi ń dùn mí. Kò sí ohùn kankan.

Ọkọ mi ní ohùn tí mo gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ sẹ́nu ìgò. Ìgò tí mo dojú wọn bolẹ̀. Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀, torí òun náà ní ẹ̀rín tó fi ìyá rẹ̀ rín láti máa rò. Ní tèmi, bóyá bí mo bá jẹ́ ìpè yẹn, mi ò bá má sí níbí láti sọ ọ́ fún ọ, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀kọ́ tí ìyá ìyá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dùbúlẹ̀ àìsàn, ó kọ́ orúkọ mi títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Ó gbé e wá bá mi lọ́sàn-án gangan, ó pè é dáadáa, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.