Kànga Tó Wà Nínú Àwòrán

Mo rántí ìgbà tó dá mi lójú pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa àwòrán. Mi ò tíì pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Opebi, níbi tí a ti ń fi férémù sí àwòrán àti fọ́tò ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gùn ju gbogbo férémù ibẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tiẹ̀ tíì láṣọ.

Lọ́jọ́ kan, Alájì kan tó ń ṣe ike ní Àgídìngbì gbé àwòrán kan wọlé, wọ́n ká a bí ẹní. Wọ́n ní ìyá àgbàlagbà kan láti aṣálẹ̀ Ọsirélíà, tó wá pàtẹ àwòrán ní Èkó, ló yà á, pé àwọn èèyàn ìyá náà ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọmọ onílẹ̀, àbí? Mo wo ẹ̀yìn Alájì bóyá àwọn géńdé tó ń gba owó ìpìlẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí a tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀, ilẹ̀ pupa ni mo rí, òbìrípo mélòó kan, àti àmì tóótòòtó tó dà bí ọkà bàbà tí ẹnì kan dà nù. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lè yà á kó tó jẹun ọ̀sán.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwòrán náà gùn. Alájì ti kan tẹlifíṣọ̀n ńlá mọ́ àárín ògiri pálọ̀ wọn, nítorí náà wọ́n ní kí a gé àwòrán sí méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọgbọ́n ọlọ́rọ̀ kì í tán. Ọ̀gá mi ò jiyàn; wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gba àárín òbìrípo tó tóbi jù, wọ́n sì mú abẹ.

Ibẹ̀ ni ìyá ayàwòrán wọlé, torí Alájì ti pè wọ́n kí wọ́n wá jọ ya fọ́tò. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé ojú ìlà náà, wọ́n sì ń fi òyìnbó wọn tó rọra ń jáde ṣàlàyé, èmi ọ̀mọ̀wé sì ń túmọ̀ fún ọ̀gá mi. Wọ́n ní òbìrípo yẹn ni ojú omi tí wọ́n bí ìyá wọn sí, pé omi ìdílé wọn nìkan ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yà.

“Bí ẹ bá gé e,” wọ́n ní, “ibo ni àwọn ọmọ mi á ti máa pọnmi?”

Alájì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín.

“Kànga ìdílé ni màmá ń wí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá mi fi abẹ sílẹ̀.

“Alájì, ẹ má bínú. Tí a bá ń pín ogún, a máa ń pín ilé, a máa ń pín oko. A kì í pín kànga.”

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Alájì, wọ́n mọ àṣà yẹn. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á ṣí tẹlifíṣọ̀n kúrò. Ìyá náà fi etí aṣọ wọn nu ṣọ́ọ̀kì nù.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ọ́ bí àwàdà, bí àwọn àgbààgbà ṣe ń ṣàánú omi tí wọ́n fi ọ̀dà yà. Lẹ́yìn náà ni bàbá wa kú ní Agége, àwa ọmọ wọn tó kàwé sì pín ilé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ̀ǹda kànga fún ẹnì kejì, ni ògiri bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì dí i. Omi mẹ́ruwà ni gbogbo wa ń rà báyìí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá wo ògiri náà láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà fa ìlà rẹ̀, gbogbo wa la wà níbẹ̀, lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé ojú ìlà náà.