Òkè-Ìmùlẹ̀ ní Tyrrelstown

Lọ́jọ́ tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí lọ gun òkè ní ẹ̀yìn Dublin, Bàbá Tìrìmísíyù gùn ún dé òpin, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bi òyìnbó tó ń fọ̀nà hàn wọ́n pé òkè ọ̀hún dà.

"Orí rẹ̀ lẹ dúró sí yìí, Bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún ilẹ̀ wò. "Èyí? Ebè là ń pè é lọ́dọ̀ tiwa. Iṣu là ń gbìn sí i."

Òkè-Ìmùlẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìlú kékeré kan tó wà lórí àpáta, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ sá gùn nígbà ogun. Nígbà tí ogun tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: àwọn kan ń wá ọ̀nà mọ́tò, àwọn kan ń wá iná mànàmáná. Bàbá alára sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé Ireland, níbi tó ti ń to ẹrù ní èbúté. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé ó ti kúrò nílé. Nílùú wọn, ẹni tí wọ́n bá ṣì ń dáná ní àgbàlá rẹ̀ láràárọ̀ kò tíì lọ síbì kankan. Rafiat, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń bá a dáná lókè. Nítorí náà, ó ti lé lógún ọdún tí Bàbá kàn jáde díẹ̀.

Lẹ́nu Bàbá, ogun wọn ń le sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ dé Dublin, ẹsẹ̀ làwọn ọ̀tá fi rìn wá. Lẹ́yìn tó di ọmọ ìlú Ireland, wọ́n gun ẹṣin.

"Bàbá, báwo lẹṣin ṣe fẹ́ gun àpáta?" Olúníyì onítakisí bi í.

"Ohun tó jẹ́ ká ṣẹ́gun nìyẹn."

Tyrrelstown, àdúgbò tó ń gbé ní Dublin, tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní. Ìyẹn kò dí Bàbá lọ́wọ́ láti kó orúkọ àwọn ibi tó wà lókè wọn wá síbẹ̀. Ó sọ iwájú ṣọ́ọ̀bù di Ẹnu-Odi. Ó sọ ibùdókọ̀ di Ìsun-Omi. Òjò ibẹ̀ ò sì jẹ́ kó purọ́. Òkìtì koríko kan tí kò ga ju èjìká lọ di Àpáta Ìkookò. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀, orúkọ wọ̀nyí ló máa gbọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣìnà, wọ́n kọ́ ọ. Goodluck aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Wárì tí kò gbọ́ Yorùbá, náà kọ́ ọ, torí Bàbá kì í dáhùn sí òmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún Rafiat kọṣẹ́. Òun nìkan ló kù lórí òkè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní Ìbàdàn.

"Tí o bá sọ̀ kalẹ̀," Bàbá sọ lórí fóònù, "ta ni yóò tún mọ ibi tí nǹkan wà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gùn ún fúnra yín."

"Orúnkún tèmi ńkọ́?"

Rafiat pa iná, ó sọ̀ kalẹ̀. Kí òtútù ọdún náà tó lọ, Bàbá kú.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Karimot ọmọ rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń bá Rafiat sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nísàlẹ̀ fèrèsé, Goodluck ń júwe ilé fún àwọn tó ń bọ̀ láti Mulhuddart.

"You don reach Ẹnu-Odi? Oya, climb Àpáta Ìkookò small. House dey for back."

"Ta nìyẹn?" Rafiat béèrè.

"Goodluck ni, ìyá. Ará Wárì."

"Ṣé ó ti dé ilé wa rí ni?"

"Kò dé ibẹ̀ rí."

"Sọ fún wọn kí wọ́n rọra," Rafiat wí. "Àpáta yẹn máa ń yọ̀ tí òjò bá ti rọ̀."