Ìyá Ọkọ Mi Dé Bá Mi Nínú Ikọ́ Ife

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń jí èèyàn ní Kpata, àdúgbò àwọn ẹlẹ́ja tí à ń gbé. Lọ́dún tí ikọ́ ife mú mi, òórùn náà a fẹ́ mú mi bì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ ti fèrèsé, torí nọ́ọ̀sì tó ń fún mi lóògùn ní kí n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Oògùn ọ̀hún sọ ìtọ̀ mi di pupa bíi sóbò. Kí n má purọ́ fún ọ, ara ti ń yá díẹ̀díẹ̀, ọkàn ni kò balẹ̀. Bí mo bá ṣe jókòó báyìí, mo ti tún dìde.

Ìyá Ebira tó wà ní yàrá kejì, tí a jọ máa ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa, kì í sún mọ́ mi mọ́. "Àǹtí, sọ́rí o," á ní láti òkèèrè, á sì fi ìborùn bomú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí ọkọ mi, tó ń wakọ̀ sìmẹ́ńtì ní Obajana, ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ẹ wá, Ìyá. Apá mi ò ká a mọ́." Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí abúlé wọn ní Ọ̀wọ́rọ̀ nìyẹn! Inú bí mi débi pé mi ò kí ọkọ mi nígbà tó ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀. Mo kó aṣọ sínú báàgì kí n lè gba ilé bàbá mi lọ ní Kabba kí wọ́n tó lé mi. Mo tú u. Mo tún un kó.

Lọ́sàn-án ni ọ̀kadà já ìyá ọkọ mi sẹ́nu ọ̀nà, òun àti iṣu. "Òkun o, ìyàwó mi," ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń wọlé bọ̀ tààrà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta."

Báàgì ló ń wò. "Ibo lò ń lọ?"

"Ṣebí ẹ wá gbé mi lọ sábúlé ni."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ikọ́ yìí mú ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, kò sì sí oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ́ ahéré fún un sínú oko, òun ni wọ́n sì máa ń fi oúnjẹ rán sí i.

"Orí òkúta ni mo máa ń gbé e sí, màá pè é, màá sì sá. Á ní kí n dúró, kí n bá òun sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mi ò dúró rí." Ó fa báàgì náà mọ́ra. "Ọkọ rẹ pè mí kí n wá dúró tì ọ́ ni. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún òun pé o ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Kó aṣọ yẹn jáde."

Ó se iṣu, ó gbé àpótí méjì sí àárín àgbàlá, a sì jọ jẹun nínú abọ́ kan níṣojú gbogbo ará ilé. Ojú ń tì mí, mo fẹ́ dìde. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Jókòó. A ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Oògùn ló wo ikọ́ mi sàn, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ya aláìsàn kan sọ́tọ̀, kì í ṣe òun nìkan ni mo máa ń rò, mo máa ń ro ọmọdé tí wọ́n ń fi oúnjẹ rán sí i. Bí a ṣe ń jẹun lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ọkọ mi ṣèèṣì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí. Mo dáhùn.