Ibi Tí Wọ́n Sin Àbúrò Mi Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀yọ́, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Bí ọmọdé bá kú, àwọn ọkùnrin ilé á gbé e lọ sínú igbó, wọn á padà wá, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Èèwọ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ òyìnbó níbí lè má gbà mí gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní College Park wá gbé mi nílé mi ní Glenn Dale. Ìtàn ogun ló ń kọ́. A wakọ̀ ọjọ́ méjì gbáko síhà ìwọ̀-oòrùn, títí a fi dé odi àtijọ́ kan tí àwọn sọ́jà fi ń ṣọ́ ààlà láyé ọjọ́un. Itẹ́ òkú wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, òkúta funfun tí wọ́n tò ní ìlà gbọọrọ. Mo ń rìn jẹ́jẹ́, mo kan ọ̀kan tí kò ga tó orúnkún mi.

“Ta nìyí?”

“Ọmọ sọ́jà kan ni, Grandma. Wọn ò kọ orúkọ ẹ̀, ti bàbá ẹ̀ nìkan ni.”

Ẹnì kan ti gbé mọ́tò ìṣeré kékeré sídìí òkúta náà. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú mi.

“Grandma, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?”

Mo ní rárá, àbúrò mi ni mo rántí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò nígbà tí ibà pa á. Bí àwọn àbúrò bàbá mi ṣe gbé e jáde, mo yọ́ tẹ̀lé wọn. Mo rí igi ìyeyè tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ sí lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi ń wẹ̀ mí lẹ́yìnkùlé, ó dáwọ́ dúró.

“Ẹrẹ̀ pupa kún ẹsẹ̀ ẹ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o tẹ̀lé wọn ni?”

“Rárá, Ìyá mi.”

“Mi ò ní bá ẹ jà. Ṣáà sọ apá ibi tó wà fún mi.”

“Mi ò mọ̀, Ìyá mi.”

Ẹ̀rù àwọn àgbà ló ń bà mí. Ó bu omi sí mi lẹ́yìn, ó ń bá ìwẹ̀ lọ. Kò tún béèrè mọ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà. Nínú ìjọ wa níbí, àwọn tí ọmọ wọn kú ló ń fúnra wọn yan ibi tí wọ́n máa sin ín sí, wọ́n sì ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ta ni yóò bá wọn wí? Àwọn àgbà tí mo bẹ̀rù ti kú tán. Wọ́n ti gé igi ìyeyè náà, wọ́n ti kọ́ ilé epo síbẹ̀, kọnkéré ti bo ilẹ̀. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́, tí ẹ ń bọ̀ láti ọjà, tí ẹ kọjá odò, ọwọ́ òsì ni ilé epo náà wà. Ibẹ̀ ni àbúrò mi wà.